Ọwọ́ Méjì Lórí Ìlà Kan: Bí Àwọn Tó Ń Ṣe Linux Ṣe Ń Da Iṣẹ́ Ọ̀pọ̀ Ènìyàn Pọ̀

Mo júbà kí n tó la ẹnu, nítorí ọ̀pọ̀ nínú yín ló mọ̀ mí láti ìgbà tí bàbá mi ti ń mú mi wá sí ìpàdé yìí, tí mo máa ń sùn lọ lórí bẹ́ńṣì kí akọ̀wé tó ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá tán. Ọ̀wọ̀ ni bàbá mi ti wá sí Bìní. Ibí ni wọ́n bí mi sí, ibí náà ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lọ́dún yìí, ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni pé kí n sọ bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe lè fi kọ̀ǹpútà rí oúnjẹ òòjọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ ti gbọ́ ìyẹn títí ó ti sú yín. Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí mo jẹ ẹgbẹ́ yìí ní gbèsè rẹ̀, mo sì fẹ́ san án lónìí.

Ní ọdún tí mo parí ẹ̀kọ́ mi ní Yunifásítì Bìní, ẹgbẹ́ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àkọsílẹ̀ owó ìsìnkú kúrò nínú ìwé ńlá un nì bọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Akọ̀wé ní ẹ̀dà kan nínú fúláàṣì rẹ̀, igbákejì rẹ̀ ní ẹ̀dà kan. Akọ̀wé ló ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ará Uselu àti Ugbowo, igbákejì ló ń gba ti àwọn ará Sapele Road àti àyíká Ring Road. Inú ẹ̀dà tirẹ̀ ni olúkúlùkù ń kọ ọ́ sí. Ní alẹ́ Sátidé kan, tí ìpàdé ku ọ̀la, wọ́n kó fúláàṣì méjèèjì fún mi, wọ́n ní, "Ìwọ tí o ka ìwé kọ̀ǹpútà, bá wa dà á pọ̀." NEPA ti mú iná lọ, bátìrì kọ̀ǹpútà mi kò sì ní pẹ́ kú. Mo ṣí fáìlì méjèèjì, mo rí i pé wọn kò bára mu. Mo wo èyí tó gùn jù, tí ọjọ́ rẹ̀ sì tuntun jù, mo mú un, mo pa èkejì rẹ́, mo sì lọ sùn.

Owó ènìyàn mẹ́rin ló bá èkejì lọ. Àwọn mẹ́ta fi rìsíìtì hàn lọ́jọ́ kejì, wọ́n pariwo, wọ́n sì tún un kọ fún wọn. Ẹni kẹrin kò wá sí ìpàdé nítorí ọkọ wọn wà lórí àìsàn. Màmá yìí ti san gbèsè oṣù mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́wọ́ igbákejì akọ̀wé, nítorí wọ́n mọ̀ pé ara ọkọ àwọn kò yá. Igbákejì akọ̀wé kó lọ sí Àbújá láìpẹ́ sígbà náà. Lẹ́yìn oṣù méjì, bàbá náà kú. Nígbà tí a ṣí àkọsílẹ̀, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ìdílé náà jẹ gbèsè, òfin wa sì ni pé ẹni tó bá jẹ ju oṣù mẹ́fà lọ, ìdajì ni yóò gbà. Owó tí wọ́n san wà nínú àpò ẹgbẹ́ ní tòótọ́. A kàn ń pè é ní owó tó lé ni. Màmá náà kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n gba ìdajì, wọ́n sì fi sin ọkọ wọn. Ó lé ní ọdún kan kí wọ́n tó rí rìsíìtì náà nínú àpótí olóògbé. Ẹgbẹ́ san ìdajì tó kù, ṣùgbọ́n a kò tún òkú sin lẹ́ẹ̀mejì.

Màmá náà jókòó láàárín wa lónìí. Mo lọ bá wọn nílé kí n tó kọ ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní kí n sọ ọ́, kí n má ṣáà ti dárúkọ àwọn. Akọ̀wé ìgbà náà ni gbogbo ilé dá lẹ́bi, ó sì fi ipò sílẹ̀ ní ìpàdé ọdún. Mo jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, n kò sọ nǹkan kan. Èmi ni mo ṣe é.

Láti ìgbà náà ni ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti mọ bí àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lójoojúmọ́ ṣe ń ṣe é, tí nǹkan ènìyàn kì í fi í sọnù lọ́wọ́ wọn. Ibi tí mo ti rí ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn jù ni ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe Linux, pàápàá àwọn tó wà nídìí apá tó ń tọ́jú fáìlì. Nǹkan sì máa ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn náà o. Màá sọ èyí tó bọ́.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà bà yín lẹ́rù. Linux ni gbùngbùn tó ń darí ẹ̀rọ, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní kernel. Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1991 nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki. Bí fóònù Android bá wà nínú àpò yín, Linux wà nínú àpò yín. Nínú kernel yìí ni ètò kan wà tí à ń pè ní file system. Ẹ fi wé ẹni tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí ní ọjà Ọba. Ẹ gbé àpò gàrí fún un, kò sọ ibi tó gbé e sí fún yín, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá padà wá, tí ẹ sì sọ orúkọ yín, yóò gbé e jáde bí ẹ ṣe kó o sílẹ̀. Bí ẹ bá ya àwòrán ìgbéyàwó, òun ló mọ ibi tó wà lórí dísíkì. Oríṣiríṣi ló wà nínú Linux: ext4 wà, èyí tí wọ́n kéde ní ọdún 2008 pé ó ti tó lò; XFS wà, tó wá láti ilé iṣẹ́ SGI; Btrfs wà, tó wọlé ní ọdún 2009. Bí ètò mìíràn nínú kọ̀ǹpútà bá ṣe àṣìṣe, ẹ ó pa á, ẹ ó tún un tàn. Bí èyí bá ṣe àṣìṣe, ohun tó sọnù lè má padà mọ́.

Àwọn tó ń ṣe é kò sì sí lójú kan. Wọ́n wà káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ wọn kò rí ara wọn rí. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá ni ẹ̀dà tuntun máa ń jáde, ìyípadà tó máa ń wọ inú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan sì lé ní 10,000. Títí di ọdún 2002, lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí Torvalds, tí òun náà sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Lẹ́yìn náà wọ́n lo irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ BitKeeper. Nígbà tí ẹni tó ni ín dáwọ́ fífún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ dúró ní ọdún 2005, Torvalds jókòó ní oṣù Kẹrin ọdún náà, ó sì kọ tirẹ̀, tó pè ní Git. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í lo Git láti tọ́jú Git fúnra rẹ̀. Àwa tí à ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní Bìní níbí, Git kan náà ni à ń lò.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ohun tí Git mọ̀ tí èmi kò mọ̀ ní alẹ́ Sátidé yẹn.

Mo mú ìwé méjì, mo ń wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nínú ọ̀kan, wọ́n kọ ọ́ pé màmá ti san. Nínú èkejì, wọ́n kọ ọ́ pé wọn kò tíì san. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: èwo ni òtítọ́? Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan gba owó, ó sì kọ ọ́. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ti kọ "ti san" ní àṣìṣe tẹ́lẹ̀, tí ẹnì kan wá rí i, tó sì pa á rẹ́. Ìwé méjì nìkan kò lè sọ fún yín. Ìwé kẹta ló lè sọ ọ́: ìwé bí ó ṣe rí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, kí àwọn méjèèjì tó pín yà. Bí ìwé ìbẹ̀rẹ̀ bá ní "kò tíì san", a jẹ́ pé ẹni tó kọ "ti san" ló ṣe iṣẹ́ lórí ìlà náà, èkejì kò fọwọ́ kàn án rárá. Ọ̀rọ̀ parí. Nínú gbogbo ìlà tí mo pa rẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà, kò sí ìjà nínú ẹyọ kan. Ará Uselu kò bá ará Sapele Road du ìlà. Bí mo bá ti bèèrè ìwé oṣù tó kọjá ni, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni iṣẹ́ náà ì bá gbà.

Bí Git ṣe ń ṣe é nìyẹn. Kì í da méjì pọ̀, mẹ́ta ló máa ń wò: tèmi, tìrẹ, àti ibi tí àwa méjèèjì ti jọ kúrò. Ibi tí ẹnì kan ṣoṣo bá ti yí nǹkan padà, yóò gba ìyípadà náà láìbi ẹnikẹ́ni. Ó di ìgbà tí àwa méjèèjì bá yí ìlà kan náà padà, tí a kò sì yí i sí ibì kan náà, kí ó tó dúró. Yóò kọ ọfà méje sójú ìwé, yóò kọ tèmi sábẹ́ rẹ̀, yóò fa ìlà àmì "dọ́gba" méje, yóò kọ tìrẹ, yóò sì fi ọfà méje mìíràn pa á dé. Ó wá ká ọwọ́ sẹ́yìn. Irinṣẹ́ yìí gbọ́n tó láti mọ ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ pin sí, èyí tí n kò lè sọ nípa gbogbo ènìyàn. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní ìforígbárí nìyẹn. Ẹ lè ní kí Git fi ìwé ìbẹ̀rẹ̀ hàn láàárín àwọn méjèèjì pẹ̀lú, mo sì máa ń rọ àwọn tí mo ń kọ́ níṣẹ́ pé kí wọ́n má ṣe ṣiṣẹ́ láìṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan láti inú file system gan-an. Fáìlì kọ̀ọ̀kan ní àkókò tí wọ́n kọ sára rẹ̀, tó ń sọ ìgbà tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ yí padà gbẹ̀yìn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, file system kọ̀ọ̀kan nínú Linux máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ àkókò náà síbi tó yẹ. Ní ọdún 2023, fún ẹ̀dà 6.6, Jeff Layton yí i padà. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má kọ ọ́ lọ́wọ́ mọ́, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni kí gbogbo wọn máa gbà. Ìyípadà náà kan file system tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wá wo ẹni tó ń tún nǹkan ṣe nínú ọ̀kan nínú wọn ní oṣù náà, tí ìlà tó fẹ́ tún ṣe sì jẹ́ ìlà tí Layton ti yí padà. Git yóò kọ ọfà. Bí ó bá ní "tèmi ni kí a mú", ó ti tú ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ. Bí ó bá ní "ti Layton ni kí a mú", àtúnṣe tó wá ṣe ti sọnù, àìsàn tó fẹ́ wò ṣì wà lára. Ohun tó tọ́ ni kí ó béèrè ohun tí ẹnì kìíní ń fẹ́ àti ohun tí ẹnì kejì ń fẹ́, kí ó sì kọ ìlà kẹta tí kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni, tí àtúnṣe tirẹ̀ yóò fi gba ẹnu ọ̀nà ti Layton kọjá.

Ta ló wá yẹ kó ṣe ìpàpọ̀ náà? Ọ̀rọ̀ yìí yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Mo rò pé ọ̀gá àgbà yóò ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ lọ parí ìjà wọn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ òun. Rárá o. Fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ẹ̀dà kan bá jáde, ilẹ̀kùn máa ń ṣí sílẹ̀, àwọn alábòójútó apá kọ̀ọ̀kan á sì kó iṣẹ́ wọn wá fún Torvalds. Òfin tó fi lélẹ̀ ni pé kí wọ́n má fi ìforígbárí pa mọ́ fún òun. Kí wọ́n dán ìpàpọ̀ náà wò nílé, kí wọ́n sọ fún òun pé ìjà wà níbí, kí wọ́n sọ bí àwọn rò pé ó ṣe yẹ kó parí, ṣùgbọ́n kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà wá bí ó ṣe rí. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò pa á pọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ibi tí iṣẹ́ méjì bá ti forí gbárí, ibẹ̀ ni ọ̀gá ti ń rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé. Bí wọ́n bá ti parí rẹ̀ nínú yàrá, kò ní mọ̀ pé ẹni méjì ń gbẹ́lẹ̀ síbì kan náà.

Kì í ṣe pé wọ́n ń dúró di ọ̀sẹ̀ méjì yẹn kí wọ́n tó mọ̀ o. Láti ọdún 2008 ni Stephen Rothwell, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, ti bẹ̀rẹ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní linux-next. Iṣẹ́ náà ni pé, ní ọjọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kó iṣẹ́ gbogbo àwọn alábòójútó, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn, wọ́n á dà á pọ̀ bí ẹni pé ọjọ́ náà ni ilẹ̀kùn yóò ṣí. Ibi tí ìforígbárí bá ti wà, wọ́n á parí rẹ̀ fún ọjọ́ náà, wọ́n á sì kọ lẹ́tà sí àwọn méjèèjì tọ́rọ̀ kàn: iṣẹ́ tìrẹ àti ti lágbájá pàdé níbí, báyìí ni mo ṣe parí rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ó tọ́. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Git lè rántí bí ènìyàn ṣe parí ìjà kan lánàá, kó sì fúnra rẹ̀ parí rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lónìí, nítorí náà kò nira tó bí ó ṣe ń dún létí. Síbẹ̀, ẹ fojú inú wo ẹni tó ń ṣe èyí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò sí ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ fún un. Bí mo bá ní agbára, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo máa fi joyè.

Gbogbo èyí tí mo ti sọ, ìforígbárí tí ojú rí ni. Èyí tí ojú kò rí ló ń pa ni.

Ní ọdún 2022, fún ẹ̀dà 5.19, Matthew Wilcox pa orúkọ iṣẹ́ kan dà nínú file system. Ohun tí wọ́n ń pè ní readpage tẹ́lẹ̀ di read_folio, ó sì yí i padà níbi gbogbo tó wà. Bí ẹlòmíràn bá ń kọ file system tuntun sínú yàrá rẹ̀ ní àkókò náà, tó ṣì ń pe orúkọ àtijọ́, Git kò ní kọ ọfà kankan. Ìdí ni pé ìlà wọn kò pàdé. Ojú ìwé wọn pàápàá kò pàdé. Ìpàpọ̀ á mọ́ roro. Ṣùgbọ́n nígbà tí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ tò ó pọ̀ di ètò tó ń ṣiṣẹ́, yóò pariwo pé òun kò mọ ohun tó ń jẹ́ readpage. Ariwo yẹn, oore ni. Ìdí nìyẹn tí linux-next kì í fi í dúró lórí ìpàpọ̀ nìkan, tó sì máa ń tò ó pọ̀ lójoojúmọ́.

Ìgbà mìíràn wà tí ariwo kò dún. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Debian, ọ̀kan nínú àwọn Linux tí ilé iṣẹ́ ń lò jù láyé, ń múra láti gbé ẹ̀dà 12.3 jáde. Kernel tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ti ìran 6.1, èyí tí wọ́n ṣèlérí pé àwọn yóò máa tọ́jú fún ọdún pípẹ́. Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ ni pé, bí àtúnṣe kan bá wọ kernel tuntun, wọ́n á da á kọ sínú ti àtijọ́. Àtúnṣe kan wà fún ext4 tí wọ́n dà kọ báyìí sínú 6.1.64. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Kò sí ọfà, kò sí ariwo, kọ̀ǹpútà tò ó pọ̀. Ṣùgbọ́n nínú kernel tuntun, àtúnṣe náà ní ẹnì kejì tó fara tì. Àtúnṣe kejì yìí kò sí nínú ext4 rárá. Inú iomap ló wà, apá kan tí ọ̀pọ̀ file system jọ ń lò. Wọ́n mú ọkọ, wọ́n gbàgbé ìyàwó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Bí ètò kan bá ń kọ nǹkan sínú fáìlì, biro kan wà tó ń sọ ibi tí a kọ ọ́ dé, kí ìlà tó kàn lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, bí ext4 bá kọ nǹkan tán ní ọ̀nà tó lọ tààrà sórí dísíkì, odo ló máa ń dá padà, ìyẹn ni pé "kò sí wàhálà". Iomap á gbọ́ odo, á sún biro síwájú. Àtúnṣe náà mú kí ext4 máa dá iye ohun tó kọ padà dípò odo. Iomap tuntun mọ èyí. Iomap àtijọ́ tó wà nínú 6.1 kò mọ̀ ọ́n. Kò gbọ́ odo, nítorí náà kò sún biro. Ìlà tó kàn wá lọ sórí ìlà tó ṣáájú, ó sì kọ ọ́ mọ́lẹ̀. Irú àwọn ètò tó sì máa ń kọ̀wé tààrà báyìí ni àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ńláńlá. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá, Debian dá 12.3 dúró. Lọ́jọ́ kejì, 12.4 jáde pẹ̀lú kernel 6.1.66 tí wọ́n ti tún ṣe. Kò sí ẹni tó ṣe ìmẹ́lẹ́ tàbí ẹni tó jẹ́ òpè. Ọwọ́ tó mú un dà kọ jẹ́ ọwọ́ tó ti da ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ dáadáa.

Nígbà tí mo ka ìtàn yìí, màmá wa ló wá sí mi lọ́kàn. Ìlà kan bo ìlà kan mọ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ariwo.

Mo fẹ́ yà díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ orúkọ wa, nítorí ó kan ọ̀rọ̀ file system, ó sì kan àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́. Lẹ́tà ẹ tó ní àmì òkè, ìyẹn ẹ́, kò ní nọ́ńbà kan tí ó jẹ́ tirẹ̀ nìkan nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ lè kọ e, kí ẹ fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, kí ẹ tó fi tòkè sí i. Ẹ lè kọ́kọ́ fi tòkè sí i. Ẹ lè mú ẹ tó ti ní tìsàlẹ̀, kí ẹ fi tòkè kún un. Ẹ sì lè mú é, kí ẹ fi tìsàlẹ̀ kún un. Ọ̀nà mẹ́rin nìyẹn, ojú kan náà ni gbogbo wọn ní lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nísàlẹ̀ ni ext4 ń wò, ojú kọ́ ló ń wò. Nítorí náà, fáìlì méjì tó ń jẹ́ "Ṣẹ́gun" lè wà nínú àpótí kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan kò sì mọ èkejì. Ní ọdún 2019, fún ẹ̀dà 5.2, ext4 gba ọ̀nà kan wọlé tí ènìyàn fi lè yan àpótí kan pé, nínú eléyìí, kí o ka gbogbo ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí orúkọ kan, kí o má sì ya lẹ́tà ńlá sọ́tọ̀ sí kékeré. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹlẹgẹ́ ni. Nígbà tí wọ́n yí òfin ìkàwé lẹ́tà náà padà díẹ̀ ní ọdún 2024, ó takora pẹ̀lú ohun tí wọ́n ti kọ sórí dísíkì àwọn ènìyàn, Torvalds sì yọ ìyípadà náà kúrò ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà. Àwọn ìyàwó wa tó jẹ́ Ẹ̀dó, ọ̀rọ̀ yìí kan orúkọ tiwọn náà, nítorí èdè wọn ní ẹ àti ọ bíi tiwa. Mo ti rí orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ kan lẹ́ẹ̀mẹta nínú àkọsílẹ̀ wa: ìdí kò ju pé ẹni mẹ́ta tẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀rọ mẹ́ta lọ.

Ẹnì kan yóò bi mí bóyá àwọn onílinux yìí kì í jà. Wọ́n ń jà o. File system kan tó ń jẹ́ bcachefs, iṣẹ́ Kent Overstreet, wọlé sínú ẹ̀dà 6.7 tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Òun àti Torvalds kò gbọ́ra wọn yé lórí ohun tó yẹ kó wọlé lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn ọ̀sẹ̀ méjì bá ti tì. Ọ̀kan ní fáìlì àwọn ènìyàn wà nínú ewu, kí àtúnṣe wọlé kíákíá. Èkejì ní òfin ni òfin. Ní ọdún 2025 wọ́n yọ bcachefs kúrò nínú kernel pátápátá, ó sì ń dá dúró lóde. Git kò ní ọfà fún irú ìyẹn. Èmi ò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nínú wọn, nítorí mo ti rí irú rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn yìí lórí ọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́.

Ohun tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fún àkọsílẹ̀ wa láti ọdún tó kọjá, pẹ̀lú àṣẹ ìgbìmọ̀, kò le. Ní ọjọ́ kìíní oṣù, a ó tẹ àkọsílẹ̀ sórí ìwé, ààrẹ á fọwọ́ sí i, a ó sì tọ́jú rẹ̀. Ìwé ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí akọ̀wé àti igbákejì bá kó ẹ̀dà tiwọn wá, a kì í fi ọ̀kan wé èkejì. Ìwé ìbẹ̀rẹ̀ ni a fi ń wọn àwọn méjèèjì. Ìlà tí ọwọ́ méjì bá kàn, a kì í parí rẹ̀ láìpe àwọn méjèèjì, a kì í sì ṣe é lálẹ́ Sátidé. Nọ́ńbà ni a fi mọ ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan báyìí, kì í ṣe bí wọ́n ṣe tẹ orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn ìpàpọ̀, a máa ń ro owó tó wà nínú ìwé pọ̀ mọ́ owó tó wà lọ́wọ́ akápò, nítorí ìlà lè mọ́ roro kí owó má bá a mu. Bí a bá sì rí owó tó lé, a kì í pè é ní owó tó lé mọ́. A ó wá ẹni tó ni ín.

Mo ti tẹ àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, oṣù sí oṣù. Ó wà lórí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí wọ́n ti ń pín omi. Kí ẹ tó lọ, ẹ jọ̀wọ́ ẹ wá wo orúkọ yín àti owó tí ẹ san, kí ẹ mú rìsíìtì tó bá wà lọ́wọ́ yín wá. Akọ̀wé ìgbà náà, tí mo jẹ́ kí ẹ dá lẹ́bi, ti gbà láti bá mi jókòó nídìí tábìlì náà. Mo ti bẹ̀ wọ́n nílé. Mo tún ń bẹ̀ wọ́n níwájú yín.